Ibi Tí Rọra Ti Ń Jẹun Alẹ́

"Agbẹjọ́rò, gbé ẹnu kúrò níbẹ̀! Tìẹ kọ́ nìyẹn!"

Alágbàfọ̀ fi ẹsẹ̀ ti ológbò dúdú náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, àwo kan lọ́wọ́ ọ̀tún, òmíràn lọ́wọ́ òsì. Ó gbé ọ̀kan kalẹ̀ fún un ní kíṣíìnì, ó jáde kíá, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀kùn. Agbẹjọ́rò ṣì ń rojọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohun tó sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn: kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í fèsì sí, ẹjọ́ rẹ̀ kì í sì í tán títí ẹnu rẹ̀ yóò fi kún. Nínú balùwẹ̀, Jẹunsùn, tó sanra bí ìrọ̀rí, ti jẹ tirẹ̀ tán, ó ń fi èékánná họ ilẹ̀kùn pé kí wọ́n wá ṣí òun sílẹ̀ kí òun lọ wo ti ẹlòmíràn. Àlejò, èyí tó kéré jù, tó kàn yọjú lọ́jọ́ òjò kan tí kò sì lọ mọ́, ń jẹ tirẹ̀ lórí fíríìjì ní pálọ̀, níbi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀.

"Ẹ ò ní pa mí nínú ilé yìí," ni Alágbàfọ̀ wí. "Ìyá ìbejì gan-an ń sinmi jù mí lọ."

Àwo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ti Rọra. Ó gbé e wọ yàrá tirẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí orúnkún rẹ̀ tiẹ̀ ń pariwo. Ológbò aláwọ̀ eérú náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ká ọwọ́ sábẹ́ àyà bí àgbàlagbà tó ń gbọ́ ìròyìn. Ọkọ Alágbàfọ̀ ló gbé e wálé nínú àpò kóòtù nígbà tí kò tíì ju ìkúùkù lọ. Ọkọ ti lọ sọ́run. Ọmọ wọn kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ ní ìlú tó jìnnà. Rọra ló kù nínú àwọn tí wọ́n jọ gbé ilé náà nígbà tí ilé ṣì jẹ́ ilé.

Nítorí Rọra ni gbogbo ilẹ̀kùn títì yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Dókítà ẹranko ní kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ó ní oúnjẹ àwọn aláìsàn tí wọ́n ń tà ní ilé ìwòsàn náà nìkan ni kó máa jẹ, kó má fẹnu kan ti àwọn yòókù rárá. Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti jọ jẹun pọ̀ mọ́, tí oúnjẹ alẹ́ nínú ilé náà sì di iṣẹ́ tó ń gba gbogbo ìrọ̀lẹ́.

"Jẹ ẹ́, bàbá mi," ni Alágbàfọ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Ó ti àwo náà sún mọ́ ọn. Ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. "Wò ó, ó dùn. Ṣé kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò?"

Rọra gbọ́ òórùn rẹ̀, ó wo ojú ìyá rẹ̀ bí ẹni tí àánú rẹ̀ ń ṣe, ó sì fò sójú fèrèsé. Ó yọ́ jáde bó ṣe máa ń yọ́ jáde lálaalẹ́.

*

"Ẹ má bínú o, mà," ni dókítà wí. Obìnrin ni, kò sì lè ju ọmọ Alágbàfọ̀ lọ lọ́jọ́ orí. "Ṣé ó dá yín lójú pé kì í jẹ nǹkan míì?"

"Nǹkan míì báwo? Gbogbo ilẹ̀kùn ilé mi ni mò ń tì nítorí oúnjẹ! Wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n ò ti ilẹ̀kùn tó mi."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lójú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn Rọra. "Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yìí burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì rù. Ológbò tí kì í jẹun á rù, mà. Eléyìí ń jẹun. Níbìkan."

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi sí Rọra lára, wọ́n sì gbé e fún un padà. Ní gbogbo ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, níbìkan, ló ń dun Alágbàfọ̀ nínú. Bí ẹni pé wọ́n sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ní ilé kejì.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìfọṣọ wò ó láti ẹ̀yìn òkìtì aṣọ.

"Ìyá, kí ló dé? Ṣé ara yín ò yá ni?"

"Ara mi yá. Ológbò mi ló ń yan àlè, mo fẹ́ lọ ká wọn mọ́."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Alágbàfọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó délé, ó pín oúnjẹ, ó jẹ́ kí Rọra jáde lójú fèrèsé, òun náà sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ológbò fo ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí kò lè fo ògiri ní láti yí ojúlé ká, nítorí náà nígbà tó débẹ̀, ìrù Rọra nìkan ló rí tó ń wọlé ní ẹ̀yìn ilé Bàbá Rélùwéè.

Bẹ́ẹ̀ ni àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, torí pé ọkọ̀ ojú irin ló ń wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Gbogbo bí wọ́n ṣe pẹ́ tó tí ilé wọn ti kọ ẹ̀yìn síra, "ẹ kú ìrọ̀lẹ́" ni ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí wọ́n tíì bá ara wọn sọ.

"Ọ̀rẹ́, o pẹ́ lónìí," ni Alágbàfọ̀ gbọ́ láti inú ilé. "Oúnjẹ ti fẹ́ẹ̀ tutù. Jókòó, jókòó."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ padà. Ó rò pé bàbá náà lálejò. Àmọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì já sínú kíṣíìnì. Àga méjì, àwo méjì. Bàbá jókòó sórí àga kan. Rọra jókòó sórí èkejì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé etí tábìlì bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa. Ẹja díndín ló wà níwájú wọn. Bàbá ń yọ eegun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bu ẹran ara rẹ̀ sí àwo kejì, ó sì ń sọ̀tàn nípa màlúù kan tó dùbúlẹ̀ sójú irin nígbà kan. Rọra ń jẹun. Ó ń jẹ bí ẹni tí kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é láyé.

"Ẹ ń pa á!"

Bàbá Rélùwéè dìde débi pé àga rẹ̀ ṣubú. "Ẹ... ẹ káalẹ́ mà."

"Ẹ má kí mi! Ta ló ní kẹ́ ẹ máa fún ológbò mi lẹ́ja? Ẹja oníyọ̀!"

"Ológbò yín? Mo rò pé kò nílé ni."

"Ẹ wo irun ara rẹ̀! Ṣé bí irun ẹran tí kò nílé ṣe ń dán nìyẹn?"

Bàbá wo irun náà. Ó gbé àga rẹ̀ dìde, kò sì jókòó lé e. "Irọ́ ni mo pa," ló wí. "Mo mọ̀ pé ó nílé. Mi ò kàn béèrè ni, kí n má baà gbọ́ èsì."

Alágbàfọ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kíndìnrín fún un, ohùn rẹ̀ ṣì wà lókè. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni bàbá náà gbé àwo kúrò níwájú Rọra, tó dà á sínú ike ìdọ̀tí, tó tún da ti ara rẹ̀ lé e lórí.

"Ìyàwó mi lọ bá ọmọ wa obìnrin tọ́mọ," ló wí, láìwo ẹnikẹ́ni. "Ọmọ náà ti wọ iléèwé báyìí, ìyá ò tíì rántí ọ̀nà ilé." Ó rẹ́rìn-ín gbígbẹ kan. "Wọ́n ní àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò bá ní. Èmi ní, mà. Ẹni tó máa bá mi jẹ ẹ́ ni mi ò rí."

Alágbàfọ̀ gbé ológbò rẹ̀ mọ́ àyà, ó lọ sílé, ó ti fèrèsé.

*

Rọra kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò jẹun lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó síwájú fèrèsé títì, ó ń ké ní ohùn tínrín kan tí Alágbàfọ̀ kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Alágbàfọ̀ mú oúnjẹ aláìsàn náà gbóná, ó fi omi pò ó, ó fi ṣíbí kékeré gbé e dé ibi imú rẹ̀. Ó sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Agbẹjọ́rò àti àwọn yòókù ń rojọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò gbọ́.

Ọmọ rẹ̀ pè lọ́jọ́ Ìsinmi bó ṣe máa ń pè.

"Mọ́mì, ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

"Rọra ò jẹun."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ̀ ń jẹun?"

"Mo ní Rọra ò jẹun, o ò gbọ́ ni?"

"Mọ́mì, ológbò ni."

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní òun fẹ́ múra iṣẹ́ ọjọ́ kejì. Ìgbà tí fóònù ti dákẹ́ ni Alágbàfọ̀ rí i pé ọmọ náà bi òun ní ìbéèrè, òun kò sì dá a lóhùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan nígbà tí Bàbá Rélùwéè wọ ilé iṣẹ́ náà. Ó fi ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan sábẹ́ apá. Ó gbé e kalẹ̀ sórí káńtà.

Alágbàfọ̀ tú u, ó yẹ ọrùn rẹ̀ wò, ó yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò. "Bàbá, aṣọ yìí mọ́."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n ti lọ̀ ọ́ pàápàá."

"Èmi ni mo lọ̀ ọ́." Ó ń fi ìka tẹ etí káńtà. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti jẹun?"

Alágbàfọ̀ ká ṣẹ́ẹ̀tì náà padà bó ṣe wà. Ó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó fẹ́ sọ pé ilé ẹni ni ilé ẹni. "Rárá," ló wí. "Kò jẹ nǹkan kan."

Ojú àwọn méjèèjì wà lára ṣẹ́ẹ̀tì.

"Mo ti ṣíwọ́ ẹja díndín," ni bàbá wí nígbà tó yá. "Kí òórùn rẹ̀ má baà dé ọ̀dọ̀ yín. Búrẹ́dì ni mò ń jẹ."

*

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Alágbàfọ̀ fi ọwọ́ kan gbé Rọra, ó sì fi ọwọ́ kejì gbé àpò oúnjẹ aláìsàn. Bàbá ti ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà.

"Èyí nìkan," ni Alágbàfọ̀ wí. "Ife kékeré kan, kẹ́ ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ rin ín. Kò gbọdọ̀ sí ẹja. Kò gbọdọ̀ sí wàrà. Bó bá fi ojú àánú wò yín, ẹ wo ibòmíì."

"Mo gbọ́, mà."

Bàbá wọn oúnjẹ náà bí ẹni tó ń po oògùn, ó gbé e ka iwájú àga Rọra. Rọra gbọ́ òórùn rẹ̀, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Alágbàfọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Jẹ ẹ́, bàbá mi. Jọ̀ọ́, ìwọ náà..."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò ó," ni Bàbá Rélùwéè wí jẹ́ẹ́. "Ẹni tí wọ́n ń wò lẹ́nu kì í lè jẹun."

Ọ̀rọ̀ náà dun Alágbàfọ̀. Síbẹ̀, ó dìde, ó lọ dúró síbi ilẹ̀kùn, ó kọjú síta. Ó gbọ́ bí bàbá ṣe ya búrẹ́dì, tó ń jẹ ẹ́, tó sì padà sórí ọ̀rọ̀ màlúù tó dùbúlẹ̀ sójú irin. Ó ní òun fọn fèrè títí, màlúù kò mira. Ó ní àwọn èrò ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀, wọ́n dá ìmọ̀ràn oríṣiríṣi, wọ́n fa ìrù rẹ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bú u.

Láàárín ìtàn náà, Alágbàfọ̀ gbọ́ ìró kékeré kan, ahọ́n tó ń lá oúnjẹ. Kò yíjú padà. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó sì dùn ún wọra, torí ohun tó fi gbogbo ìfẹ́ rẹ̀ bẹ̀ tí kò rí, búrẹ́dì lásán àti ìtàn màlúù ló gbà á.

"Ó ti jẹ ẹ́ tán," ni bàbá wí.

"Mo gbọ́."

"Ẹ jókòó díẹ̀, mà. Búrẹ́dì ṣì wà."

"Ẹ ṣeun. Ẹnu mẹ́ta ń dúró dè mí nílé." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Kó máa jẹ oúnjẹ alẹ́ lọ́dọ̀ yín. Bó bá jẹun tán, ibi tó bá wù ú ni kó sùn."

Ó sọ ọ́ wéré, kí ó má baà yí i padà.

Nílé, ó da oúnjẹ sí àwo mẹ́ta, ó kó gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ sí kíṣíìnì. Ilẹ̀kùn kankan kò sí tí ó ní láti tì. Agbẹjọ́rò rojọ́, Jẹunsùn yára jẹ tirẹ̀, Àlejò sá díẹ̀, ó sì padà wá. Gbogbo rẹ̀ parí kí omi tí ó gbé kaná tó hó. Alágbàfọ̀ fọ àwo. Ó nu tábìlì. Ó wo ojú ọ̀run, ilẹ̀ kò tíì ṣú pátápátá. Ìrọ̀lẹ́ ṣì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Ó jókòó. Ó mú fóònù. Òun kì í pe ọmọ náà, ọmọ náà ló máa ń pè é.

"Mọ́mì?" Ẹ̀rù wà nínú ohùn ọmọ náà. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan."

"Rọra ńkọ́?"

"Rọra ti jẹun. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti jẹun?"

Ó gbọ́ bí ọmọ náà ṣe fa àga kan níbẹ̀, nínú yàrá tí òun kò rí rí. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jẹun ni, mà. Mo kàn ń wo oúnjẹ náà ni."

"Ṣé ìwọ nìkan ni?"

"Èmi nìkan ni, mà."

Alágbàfọ̀ dìde, ó di fóònù mú mọ́ etí pẹ̀lú èjìká, ó sì na ọwọ́ mú àwo kan láti orí pẹpẹ.

"Má tíì bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Dúró dè mí. Jẹ́ kí n bu tèmi."