Ogójì Àlejò Tí Ò Dé

Ìyá Tẹ́-ẹ-dáa ni gbogbo òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan ń pè é, nítorí kò sí ọmọbìnrin tó kọ́ níṣẹ́ ìtọ́jú yàrá tí kì í sọ fún pé, "Tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ dáadáa, ẹ̀yìn àlejò á máa kí ẹ." Ó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún níbẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, oníṣòwò lásán ni ẹni tó ni ilé náà. Nígbà tó yá, ó díje, ó wọlé ìbò, ó di olórí orílẹ̀-èdè. Bí òtẹ́ẹ̀lì tí eṣinṣin ń dá jọba nínú rẹ̀ ṣe di ibi tí èrò ti ń ti ara wọn nìyẹn. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ò ṣèpàdé níbòmíràn mọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí ìjọba gbéṣẹ́ fún òun, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sùn.

"Owó ẹgbẹ́ ń jáde lápò ọ̀tún, ó ń bọ́ sápò òsì," ni Bàbá Alágbàfọ̀ máa ń wí, á sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá yìí ló ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní ìsàlẹ̀ ilé. Ẹnu rẹ̀ ò ní ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ìbò mìíràn ku oṣù mẹ́ta, ẹgbẹ́ gba gbogbo àjà kẹta, ogójì yàrá, fún oṣù kan gbáko. Ìyá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń retí àlejò. Ọjọ́ kìíní kọjá. Ọjọ́ kẹta kọjá, kò séèyàn, kò sẹ́ranko. Lọ́jọ́ kẹrin, máníjà pè é sí ọ́fíìsì, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, láràárọ̀, ẹ máa lọ fara yí orí àwọn bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ẹ rẹ táwẹ́ẹ̀lì sómi. Kẹ́ ẹ sì máa fi ọṣẹ fọwọ́ títí á fi tán."

"Ta ni mò ń ṣe é fún, sà?"

"Fún àwọn àlejò ni."

Ó ṣe é. Á bọ́ bàtà, á dùbúlẹ̀, á yí sọ́tùn-ún, á yí sósì, á dìde, á bọ́ sí yàrá kejì. Kó tó dé yàrá ogún, ẹ̀yìn á ti máa ro ó. Ó ń ṣe é bíi pé bẹ́ẹ̀dì òkú ló ń gùn kiri.

Wọn ò rí Bàbá Alágbàfọ̀ tàn jẹ. "Ìyá, ara ẹnì kan ṣoṣo ló kan ogójì aṣọ yìí. Òórùn òróró àgbọn tẹ́ ẹ fi ń para ni mò ń gbọ́."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ panu mọ́. Igi gogoro má gùn mí lójú."

Kò pẹ́ sígbà náà ni obìnrin onígò ojú kan dé láti ọ́fíìsì tó ń yẹ ìnáwó ẹgbẹ́ òṣèlú wò. Ọ̀dọ̀ Bàbá ló kọ́kọ́ yà sí. Bàbá ò fi ìkankan pa mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àjèjì kan ló dúró nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó ní Bàbá ti fẹ̀yìn tì. Lọ́sàn-án, Ìyá sáré dé ilé Bàbá, ó bá ìyàwó rẹ̀ tó káwọ́ lérí.

"Àwọn ọkùnrin méjì ló wá mú un. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Sálúbàtà ilé ló wọ̀ lọ."

Ìyá padà síbi iṣẹ́ tòun ti jìnnìjìnnì. Obìnrin onígò ojú náà ti ń dúró dè é, máníjà sì jókòó tì í.

"Ṣé èèyàn sùn ní àjà kẹta, mà?"

"Èèyàn sùn níbẹ̀," ni Ìyá fèsì. Ilẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tó délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀. Ọkùnrin náà dá ẹ̀rọ dúró. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ti alágbàfọ̀ sì tún wà ńbẹ̀." Àwọn méjèèjì jọ kọ òtítọ́ sínú ìwé. Ìyá mú un lọ sí ọ́fíìsì obìnrin onígò ojú náà lọ́jọ́ kejì, àmọ́ ọkùnrin kan ló bá lórí àga obìnrin náà.

"Wọ́n ti gbé e lọ síbòmíràn," ni ọkùnrin náà wí. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó tì í bàpò. "Ó dáa tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín mú un wá. Ṣé ẹ ti fi han ẹlòmíràn?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo ọ́fíìsì wa ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín fún ìpàdé ọlọ́jọ́ márùn-ún. Wọ́n ní àjà kẹta yẹn tutù." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Bí Ìyá ṣe rìn jáde, kò mọ̀. Kò padà síbi iṣẹ́. Òun àti ọkọ rẹ̀ di ìwọ̀nba ẹrù, wọ́n forí lé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ní ìlú tó jìn, wọn ò sọ fẹ́nì kankan.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí fóònù dún. Kò mọ nọ́ńbà náà.

"Màmá, ẹ kú ìrìn o," ni ohùn kan wí, ohùn jẹ́jẹ́. "A kàn ní ká kí yín ni. Ẹ bá wa kí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín o. Ilé wọn mà dáa."

"Ìyàwó, ta nìyẹn?" ni ẹ̀gbọ́n bèèrè láti ilé ìdáná.

"Wọ́n ṣi nọ́ńbà pè ni, mà."

Ó pa fóònù, ó wọlé bá ọkọ rẹ̀, ó ní kó má wulẹ̀ tú ẹrù tó kù.