Ìbọn Mùkáílà Nígbà Òjò

Nígbà tí Mùkáílà ọmọ Ìlọrin kú ní Tudun Wada, Hàwáwù ìyàwó rẹ̀ gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ fún Ephraim. Ọdún mọ́kàndínlógún ni àwọn ọkùnrin méjèèjì fi jọ ṣọdẹ nínú igbó ẹ̀yìn Afaka.

"Bàbá Bridget, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀," ni Hàwáwù wí. "Òjò ti dé, èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ephraim mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tó délé ní Trikania, ó fi òrí ra irin ìbọn náà láti ìdí dé ẹnu, ó sì fi àkísà tí wọ́n rẹ sínú ìda dí ẹnu rẹ̀ kí ọ̀rinrin má baà wọlé. Ó gbé e ti ògiri yàrá. Bó bá ṣe díẹ̀, yóò gbé e kọ́ sókè ààrò tí Martha ìyàwó rẹ̀ fi ń dáná igi, kí èéfín lè máa gbẹ ẹ́.

Ilẹ̀ mọ́, àkísà ti kúrò lẹ́nu ìbọn. Ó wà nílẹ̀, wọ́n ká a ní ìṣẹ́po mẹ́ta.

"Ìyá Bridget, ìwọ lo yọ ọ́?"

"Kí ni n óò fi ìbọn òkú ṣe?" ni Martha dá a lóhùn.

Ó tún un dí, ó ti yàrá pa, ó mú kọ́kọ́rọ́ dání lọ. Òjò rọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tó padà ṣílẹ̀kùn, àkísà ti wà nílẹ̀, ìṣẹ́po mẹ́ta. Ẹnu ìbọn tó kọjú sí ògiri tẹ́lẹ̀ ti kọjú sí òun gan-an.

Ó ní kí òun tún un dí lẹ́ẹ̀kẹta, kí òun gbé e lọ sókè iná kíá. Àmọ́ àkísà kò wọlé. Ńṣe ló dà bíi pé ọwọ́ kan ń tì í jáde láti inú. Ó bá mú ọ̀pá tí wọ́n fi ń ki ìbọn, ó tì í bọnú ẹ̀ láti wo ohun tó wà níbẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀pá náà lọ tán. Kò lọ tán, ó ṣẹ́ kù ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ìbọn náà wà ní kíkì, ẹ̀tù àti ọta wà nínú rẹ̀. Nínú ilé ìdáná, Martha ń fẹ́ná.

Òjò ò tíì dá pátápátá tí Ephraim fi mú àkísà náà dání, tó wọ kéké lọ bá Hàwáwù.

"Ọjọ́ tí àìsàn dá a dúró nínú igbó, tí ẹ ò bá a lọ," ni obìnrin náà wí, "ó ti ki ìbọn náà, kò ráyè yìn ín." Ó mú àkísà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó pẹ́. "Bó ṣe máa ń ká aṣọ ìnujú ẹ̀ nìyí, wallahi. Ta ló kọ́ yín?"

Ephraim gba àkísà náà padà, ó dìde.

Nígbà tó délé, ó fi irin ṣóńṣó fa ẹ̀tù àti ọta inú ìbọn náà jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀tù náà gbẹ bíi gaàrí. Ó dí ẹnu ìbọn, ó sì gbé e kọ́ sókè ààrò. Àkísà ò kúrò níbẹ̀ mọ́ títí òjò fi tán, ṣùgbọ́n Martha kì í dá wọ ilé ìdáná náà bí òjò bá ti ṣú.