Fọwọ́ Kàn Án Kí O Tó Gbà Á

Ọwọ́ Bàbá Àsánì ti balẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì píkọ́ọ̀pù náà kí ọkùnrin tó ń tà á tó kí wọn tán. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ irin náà bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ ń gbóná. Ó rìn díẹ̀, ó fọwọ́ kan fẹ́ńdà, irin tó bo táyà, ó tún padà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí ibi tí ohùn ọkùnrin náà ti wá.

"Ta ló wa ọkọ̀ yìí láàárọ̀ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó wà á o, Bàbá. Látàná ló ti wà níbí." Ọláídé lorúkọ ẹni tó dáhùn, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn kan tó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ lẹ́bàá títì márosẹ̀ ní Òkókómáíkò.

"Ó gbóná."

"Oòrùn ni, sà."

"Oòrùn tó mú bọ́nẹ́ẹ̀tì gbóná tó fi fẹ́ńdà sílẹ̀," ni bàbá wí pẹ̀lẹ́, "irú oòrùn wo nìyẹn?"

Àṣàkẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, gbójú sá sí títì. Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé ní Ìbà ló ti ń bẹ Ọlọ́run kí ẹnikẹ́ni má fi bàbá òun rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹta rèé tí àrùn ojú ti gba ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá Àsánì pátápátá. Ta ló ń mú ẹni tí kò ríran lọ ra ọkọ̀? Saheed mẹkáníìkì ló yẹ kó bá a wá, ṣùgbọ́n Saheed ti lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, Ọláídé sì ti pè pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá wo ọkọ̀ náà. Bàbá gbọ́ ìpè ọ̀hún láti orí àga rẹ̀ nínú pálọ̀. "Èmi wà nílé yìí," ó ní, "o ń wá ẹni tó máa bá ọ yẹ ọkọ̀ wò." Kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà.

Kò parọ́. Kí ojú rẹ̀ tó lọ, ọkọ̀ fọ́ọ̀-wíìlì, irú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ máa ń wọ́ ọ lọ pa pọ̀, ló fi ń kó pákó jáde nínú igbó níhà Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń gbé ọkọ̀ mì. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, mọ́ṣáláṣí àti àga pálọ̀ nìkan ló kù fún un. Ọkùnrin tó máa ń bá rédíò jiyàn lórí eré bọ́ọ̀lù ti di ẹni tí a ní láti bi léèrè kó tó sọ̀rọ̀.

Àṣàkẹ́ fúnra rẹ̀ kò lè dúró mọ́. Ẹja àrọ̀ ló ń sìn lẹ́yìn Ìbà, ní ilẹ̀ àbàtà tí ó rẹlẹ̀ dáadáa. Nígbà òjò èṣí, kò sí awakọ̀ tó gbà láti sọ̀kalẹ̀ débẹ̀, èyí tó sì gbà há sọ́nà títí ẹja fi kú tán nínú dírọ́ọ̀mù. Ní báyìí, ilé oúnjẹ kan ní Navy Town ti gbà láti máa ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bó bá ṣáà ti lè máa gbé e dé láàyè. Òjò ọdún yìí sì ti bẹ̀rẹ̀.

"Àṣàkẹ́, kí lo rí?" ni bàbá bèèrè.

"Ọkọ̀ funfun ni, Baba. Ó ń dán gbinrin."

"Mi ò bi ọ́ ní àwọ̀. Bẹ̀rẹ̀ kí o wo abẹ́ rẹ̀."

Ó wo kaba àdìrẹ tó wọ̀, ó wo ilẹ̀. Ọláídé bá a tẹ́ páálí kan. Ó kúnlẹ̀ lé e, ó tẹrí ba. "Ṣásì rẹ̀ dúdú. Ọ̀dà rẹ̀ tuntun."

"Ọ̀dà tuntun lórí irin àtijọ́. Gba sípánà kan, kí o máa kan ṣásì yẹn lọ láti iwájú, díẹ̀díẹ̀, kí n gbọ́."

Àṣàkẹ́ ń kàn án. Kẹ̀n, kẹ̀n, kẹ̀n. Bàbá gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí àgbà tó ń gbọ́ ẹjọ́. Kẹ̀n, kẹ̀n. Pọ̀.

"Padà síbẹ̀."

Pọ̀.

"Fi èékánná họ ọ́."

Ọ̀dà bó bí èèpo àlùbọ́sà. Ìpẹtà pupa ṣubú sí i lọ́wọ́, lábẹ́ ìpẹtà náà ló sì ti rí ojú ibi tí wọ́n ti fi iná jó irin pẹlẹbẹ kan mọ́ irin mìíràn. Ó ṣàlàyé ohun tó rí. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń lálàá ọkọ̀ funfun yìí. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, ó sọ fún ara rẹ̀. Àwọn ará àtijọ́ kò mọ píkọ́ọ̀pù, síbẹ̀ wọ́n ti bá a wí.

"Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣẹ́ rí nìyẹn," ni bàbá wí. "Bí wọ́n bá di ẹrù lé e nínú ẹrẹ̀, ibẹ̀ ló máa padà sí. Wọ́n sì ti mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbóná sílẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ń ṣòro jí láàárọ̀, tó sì ń tú èéfín, ẹni tó ń tà á kì í fẹ́ kí a bá a lójú oorun."

Ọláídé họrí. "Bàbá, bó ṣe dé láti òkè òkun ni mo ṣe rà á o. Ti ṣásì yẹn, mi ò mọ̀."

"Ó ṣeé ṣe. Ìwọ náà, máa kàn án kí o tó rà á."

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ìtìjú àti ọpẹ́ dà pọ̀ nínú ẹ̀rín ọ̀hún. Ó lọ mú omi tútù wá fún wọn, òun fúnra rẹ̀ ló sì di bàbá lọ́wọ́ mú sọdá títì.

Ibi kejì tí wọ́n ń lọ kò jìnnà sí ilé wọn ní Ìbà. Màmá Rebecca ló ni ọkọ̀ náà, ìyá àgbà ọmọ ìjọ aláṣọ funfun kan tó ti ta pákó títí ọwọ́ fi rẹ̀ ẹ́, tó sì fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Píkọ́ọ̀pù tirẹ̀ rí bí eérú, eruku bò ó, adìẹ kan sì sàba sábẹ́ rẹ̀. Ọkàn Àṣàkẹ́ rẹ̀wẹ̀sì. Bàbá gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ó tutù," ó wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, eyín rẹ̀ hàn.

"Kí ló máa mú un gbóná?" ni Màmá Rebecca fèsì. "Láti àárọ̀ Sunday ni mi ò ti jí i. Ẹ jẹ́ n kúkú sọ ibi tó ń dùn ún fún yín. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan ò ṣeé ṣí láti inú. Gééjì epo ti kú, igi ni mo fi ń wọn epo. Irin pẹlẹbẹ kan tún ti kán nínú sípíríǹgì ẹ̀yìn. Èyí tí mi ò bá mọ̀, kí Ọlọ́run fi hàn yín."

Àṣàkẹ́ kò wá páálí. Ó lé adìẹ kúrò, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ tòun ti kaba àdìrẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan irin. Kẹ̀n ní iwájú, kẹ̀n láàárín, kẹ̀n títí dé ìdí. Ìpẹtà wà lójú irin, kò wọnú. Ó jáde, ó fi nọ́ńbà ara ṣásì wé ti inú ìwé ọkọ̀, wọ́n bára mu. Ó ṣí ráádíétọ̀, omi inú rẹ̀ mọ́, epo kò léfòó lójú rẹ̀. Ó tú ìdérí ọ́ìlì, ó wo inú rẹ̀.

"Kò sí ohun funfun bí ògì níbẹ̀, Baba."

"Omi ò bá ọ́ìlì lò pọ̀ nìyẹn. Jí i."

Ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ohùn sókè, ó sì rọlẹ̀ sí ìró kan tó dọ́gba. Èéfín fẹ́lẹ́ kan jáde, ó pòórá. Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ́tí sí i. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, etí bàbá ni Àṣàkẹ́ ń wò.

Wọ́n wọkọ̀, Àṣàkẹ́ ló ń wà á, bàbá níwájú, Màmá Rebecca lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n kúrò lórí títì ọlọ́dà tí wọ́n sì dé ojú ọ̀nà tó lọ sí ibi ẹja Àṣàkẹ́, omi òjò àná ṣì dúró síbẹ̀, ẹrẹ̀ ń dán bí ọbẹ̀ ilá. Gíà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà ńlá, òun ló ń so táyà iwájú pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn. Àṣàkẹ́ fà á. Kò mì. Ó tún fà á, ó le bí òkúta.

Bí gíà yẹn kò bá ṣiṣẹ́, píkọ́ọ̀pù yìí kò yàtọ̀ sí ọkọ̀ tó ń rìn lórí ọ̀dà.

"Ó pẹ́ tí mo ti lò ó gbẹ̀yìn," ni Màmá Rebecca wí láti ẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Má bá a jà," ni bàbá wí. "Ó kàn gan ni. Tún gíà ńlá ṣe, kó má wọ ibì kankan. Jẹ́ kí ọkọ̀ yí díẹ̀. Ó dáa. Fà á báyìí."

Nǹkan kan dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, kọ̀, bí àgádágodo tó ṣí. Àṣàkẹ́ tẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ náà fi imú kan ẹrẹ̀, ó rọra rọ̀, lẹ́yìn náà táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ di ilẹ̀ mú, ó sì ń lọ. Ẹrẹ̀ ta sí gíláàsì. Bàbá Àsánì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gbòòrò tó ti inú ikùn wá, tí Àṣàkẹ́ kò gbọ́ láti ìgbà pípẹ́.

Níbi tó jìn jù, wọ́n bá kẹ̀kẹ́ Márúwá kan tó ti rì dé àárín. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Kẹ́mi jókòó sínú rẹ̀, ẹyin adìẹ pọ̀ lé e lẹ́sẹ̀, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ti kẹ̀kẹ́ náà. "Bí wọ́n bá fi ipá tì í, gbogbo rẹ̀ á fọ́," ó ní, ojú rẹ̀ ti ń ṣomi.

"Okùn tí mo fi ń di pákó ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀," ni Màmá Rebecca wí.

Kí Àṣàkẹ́ tó sọ pé kí bàbá jókòó, ó ti ṣílẹ̀kùn, ó ti bọ́ sínú ẹrẹ̀ tó dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó fọwọ́ tọ ara píkọ́ọ̀pù dé ẹ̀yìn, ó gba okùn, ó ní kí awakọ̀ kẹ̀kẹ́ fi ọwọ́ òun lé irin rẹ̀ tó lágbára jù. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta kókó, wéré wéré, bí ìka ẹni tó ń dirun. Nígbà tó parí, ó lu ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Rọra," ó ké sí Àṣàkẹ́. "Ẹyin ló wà lẹ́yìn."

Àṣàkẹ́ fa gíà kékeré náà sí ibi tó lágbára jù, èyí tó ń lọ bí ìgbín. Okùn le gbandi. Kò gbóhùn ẹ́ńjìnnì sókè, kò sì jẹ́ kó kú. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ náà gbéra, tí ẹrẹ̀ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìró bí ìfẹnukonu, títí táyà rẹ̀ fi dé ilẹ̀ líle. Kẹ́mi ṣí ẹyin wò. Ọ̀kan péré ló sán. Àwọn tó ti dúró lójú ọ̀nà pàtẹ́wọ́, Màmá Rebecca sì bẹ̀rẹ̀ orin ìyìn láti orí ìjókòó ẹ̀yìn, torí pé ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣeé ṣí láti inú.

Nígbà tí wọ́n padà dé àgbàlá rẹ̀, ìyá náà kọjú sí bàbá tí ẹrẹ̀ ti gun ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. "Bàbá, báwo lẹ ṣe rí i?"

"Àṣàkẹ́ ni kẹ́ ẹ bi," ni bàbá wí. "Òun ló yẹ̀ ẹ́ wò."

Àṣàkẹ́ la ẹnu, ọ̀rọ̀ sì wà níbẹ̀. Ó ní sípíríǹgì gbọ́dọ̀ di tuntun, táyà iwájú kan ti jẹ lápá kan, bíréèkì ń fà díẹ̀ sọ́tùn-ún, ṣùgbọ́n ṣásì rẹ̀ pé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò fi nǹkan pamọ́. Màmá Rebecca mi orí sí gbogbo rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ iye fi wọ̀, ìyá náà gbàdúrà sórí ọkọ̀, ó sì fi okùn pákó náà tọrẹ.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí bàbá àti ọmọ forí lé ilé. Bàbá gbé apá sí ojú fèrèsé, ó ń sọ̀rọ̀ nípa igbó Ìjẹ̀bú-Igbó, nípa ejò kan tó sùn sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà kan, nípa ẹja tí òun náà máa bá wọn gbé dé Navy Town, ta ni yóò ní kí òun má lọ. Lójijì ó dákẹ́. Ìgbà náà ni Àṣàkẹ́ gbọ́ ọ: tá, tá, tá, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láti ẹ̀yìn. Ó dín eré kù, ìró náà dín kù. Ó tún sáré díẹ̀, ìró náà yára.

"Òkúta ló há sí táyà ẹ̀yìn, Baba."

"Mo gbọ́ ọ," ni bàbá wí. "Lọ́wọ́ ọ̀tún."

"Lọ́wọ́ òsì ni."

"Ọ̀tún ni mo gbọ́."

Ó dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ó bọ́ọ́lẹ̀, ó tẹrí ba sí táyà. Òkúta náà wà níbẹ̀ láàárín rọ́bà, kékeré bí ẹ̀pà. Ó fi kọ́kọ́rọ́ yọ ọ́, ó gbé e wá, ó sì fi í lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ láti ojú fèrèsé.

"Apá wo ni?" bàbá bèèrè.

"Òsì."

Bàbá Àsánì yí òkúta náà nínú ìka rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an, ó dùn ju bí inú ẹni tó járe ti í dùn lọ. Àṣàkẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wo ojú tí kò lè wò ó padà. Ìgbà náà ni ìdí ayọ̀ rẹ̀ yé e: etí òun náà ti kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ọkọ̀.

"Ó yá, wa ọkọ̀ rẹ," ni bàbá wí, ó sì ju òkúta náà sí koríko.