Ẹni Tó Ní Kí Wọ́n Máa Sáré

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Verlon Tackett fi ń kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, ní Amẹ́ríkà, ní irin gbígbé, kí ara wọn lè le. Nínú gbogbo àwọn tó gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kò sí èyí tó fẹ́ràn tó Rusk Delaney. Nígbà tí orúnkún Rusk yẹ̀, tí dókítà ní bọ́ọ̀lù ti parí fún un, Verlon ló dúró tì í fún oṣù mẹ́sàn-án títí ó fi tún sáré. Ọjọ́ tí Rusk padà dé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà bí olórí kóòṣì, ìyẹn akọ́nimọ̀ọ́gbá, ńṣe ni inú Verlon ń dùn bí ẹni pé ọmọ òun ló joyè.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, oòrùn mú janjan. Àwọn ọmọ kan pẹ́ dé, inú bí Rusk.

"Gbogbo yín, ẹ sáré la pápá yìí já nígbà ogójì! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mumi."

Verlon fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Rusk, oòrùn yìí á pa èèyàn o."

"Kóòṣì, ẹ ti darúgbó. Èmi ni ọ̀gá níbí."

Wọn ò tíì sáré tó ìgbà ọgbọ̀n tí Tevin Broussard, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, fi ṣubú lulẹ̀ gbì. Verlon ló gbé e jù sínú omi yìnyín. Ọmọ náà ò kú, ṣùgbọ́n kíndìnrín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀.

Nígbà tí àwọn aláṣẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì pe Verlon àti Rusk, Rusk ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kóòṣì Tackett ló ń darí wọn lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ̀ pé kò fún wọn lómi."

Verlon yíjú sí i. "Rusk, èmi kẹ̀? Wo ojú mi, kó o tún un sọ."

Rusk ò gbójú sókè. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Wọ́n ti ìwé kan sí iwájú Verlon. "Ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ fẹ́ fẹ̀yìn tì. A ó ṣe ìdágbére ńlá fún yín."

"Ẹ gbé e kúrò níwájú mi. Mi ò ní fọwọ́ sí irọ́."

Wọ́n lé e lọ́jọ́ náà. Ó gba ilé ìwòsàn lọ tààrà. Ìyá Tevin dínà mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ lo fẹ́ pa ọmọ mi, o tún gbójú wá síbí?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kó wọlé," Tevin ní láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Kóòṣì Delaney ló ní ká máa sáré. Kóòṣì Tackett ló gbé mi sínú omi yìnyín."

Obìnrin náà fa àga fún un. Verlon jókòó, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Tevin sọ òtítọ́ fún àwọn aláṣẹ. Àwọn agbábọ́ọ̀lù yòókù ò jẹ́rìí sí i, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ pàdánù ipò rẹ̀ lórí pápá. Nítorí náà, Rusk ṣì wà nípò rẹ̀. Verlon ń kọ́ àwọn arúgbó ní eré ìdárayá ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Rusk, yóò ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n." Òtítọ́ ló sì ń sọ.