Níbi Tá A Ti Ń Na Ìka Sí Oúnjẹ

Òní ni yóò sọ ọ́. Òní náà ni. Mo rí i lójú ọmọ mi nínú mọ́tò nígbà tó ń wo bẹ́líìtì mi lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni pé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń yí kiri bí egungun ẹja. Kò ní kọjá òní. Ìyàwó rẹ̀ ò ní jẹ́ kó kọjá òní. Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ, lọ́jọ́ tí mo lọ kí wọn ní Dobcross. Èmi wà ní pálọ̀, àwọn wà ní kíṣíìnì, wọ́n rò pé tẹlifíṣọ̀n ni mò ń wò. Bọ́lánlé ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Déjì, bá Mọ́mì sọ̀rọ̀ now. Àbí ó dìgbà tí nǹkan bá ṣe wọ́n?"

Nǹkan wo? Nǹkan wo ló fẹ́ ṣe mí…

Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò kàn fẹ́ pè é ni.

Akíndèjì jókòó níwájú mi báyìí. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, tí irun ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ ti ń funfun. Ilé oúnjẹ àwọn ará Kòríà la wà, lẹ́bàá Chinatown, láàrin ìgboro Manchester. Ihò wà láàrin tábìlì, iná wà nínú ihò, irin wà lórí iná. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹran, kó sun ún fúnra rẹ̀. Èèyàn á fi iná ilé ara rẹ̀ sílẹ̀ ní Rochdale, á tún wá dáná níbí! Òórùn ẹran sì ń wọ kóòtù mi, kóòtù tí mo máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la… Kí ló dé tó máa ń gbé mi wá síbí? Ní gbogbo Sátidé. Ọmọ tó jẹ́ pé bí mo bá se makaróònì nígbà tó wà ní kékeré, á bú sẹ́kún pé iyán lòun fẹ́, iyán ṣáá. Òun ló wá di ẹni tó ń wa mọ́tò láti Dobcross wá sí Rochdale, láti Rochdale wá síbí. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká lọ gbafẹ́." Kò síbi tí mi ò gba ọ̀rọ̀ yìí rò dé. Mo kọ́kọ́ rò pé — Ọlọ́run má bínú sí mi — mo rò pé obìnrin ni. Mo ṣọ́ ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ wá fún wa, mo ṣọ́ ojú Akíndèjì náà. Kékeré ni ọmọ náà, Akíndèjì lè bí i. Kò tilẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Rárá, kì í ṣe obìnrin. Ilé àwọn arúgbó ni. Wọ́n ti rí ibì kan. Ibi tó ní ọgbà, tó ní òdòdó, tí wọ́n á máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni pé etí ló dí. Ó ń fi ẹran bọ́ mi dè é ni. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ adìyẹ Kérésì nìyẹn.

Nítorí náà, kí n ṣọ́ ẹnu mi. Kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ti ní àwọn ọ̀rọ̀ tí kì í já mi kulẹ̀, tó bá gbogbo ìbéèrè mu. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bó o ṣe rí i náà ni mo ṣe rí i. Ohun tó o bá jẹ ni màá jẹ. Èèyàn lè fi wọ́n gbé ọ̀sẹ̀ kan láìsí ẹni tó máa fura.

Nígbà tí Albert ọkọ mi wà láyé, mi ò nílò wọn. Bí mo bá sọ pé "Albert, bá mi mú…", á ti mú un wá kí n tó parí ọ̀rọ̀. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà ni, àmọ́… ìgbà tó kú ni mo tó mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti ń bá mi parí gbólóhùn. Mo dúró ní kíṣíìnì lẹ́yìn ìsìnkú, mo ní "bá mi mú…", kò sẹ́ni tó mú nǹkan kan wá. Èmi náà ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n mú.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Wọ́n ní kí Mama gbàdúrà fún Brother Reuben tó fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Mo dìde. Mo dé ibi orúkọ, ibẹ̀ ṣófo. Mo ní, "Olúwa, ọmọ Rẹ yìí… ọmọ Rẹ tí Ìwọ fúnra Rẹ mọ orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó bí i…" Àmín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé. Sister Patience dì mọ́ mi lẹ́yìn ìsìn: "Mama, àdúrà yẹn jinlẹ̀ gan-an o!" Ó jinlẹ̀ lóòótọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rì sínú rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà ti dé. Akíndèjì ò pe orúkọ nǹkan kan, àwòrán inú ìwé oúnjẹ ló ń na ìka sí. "This one, please. And this." Ó yí ìwé náà sọ́dọ̀ mi. "Mọ́mì, ẹ na ìka sí èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́. Èmi gan-an ò lè pe ìkankan nínú wọn." Mo na ìka. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ó parí. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹnu mi bí ẹni ń dúró de bọ́ọ̀sì. Kí n má purọ́, àyà mi máa ń fúyẹ́ níbí. Mo ti ń rò pé ata ni.

Wọ́n kó àwọn àwo kékeré-kékeré dé. Kábéèjì tí wọ́n fi ata pa lára, tó kan bí ògì. Ó dùn. Ẹran dé, ó ń ké lórí irin. Ọmọbìnrin náà mú… ó mú nǹkan ẹlẹ́nu méjì yẹn, èyí tí ìka ń wọ ihò rẹ̀, ó fi ń gé ẹran. Nǹkan tí wọ́n fi ń gé aṣọ! Ó pa mí lẹ́rìn-ín, mo ti la ẹnu kí n tó rántí pé mò ń ṣọ́ ọ. "Déjì, wo bó ṣe ń fi…"

Ó lọ.

Ó lọ bí ẹja tó bọ́ lọ́wọ́. Mo mọ bó ṣe rí. Mo mọ ìró rẹ̀ nígbà tó bá ń jẹ aṣọ, ọ̀kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi nílé… Orúkọ ni ò sí. Akíndèjì ò wojú mi. Ẹran ló ń yí lórí iná. "Ó mú gan-an, àbí?" ó ní. "Ọ̀bẹ ò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀." Ọ̀rọ̀ kọjá. Kò fura. Ọlọ́run ṣeun, kò fura.

"Mọ́mì…"

Ó ń nu ọwọ́. Ó ń nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Ó dé o. Kí ni màá sọ? Màá ní ilé mi ni ilé mi, èmi àti bàbá rẹ la jọ — màá ní mo ṣì ń dá wẹ̀, mo ṣì ń dá wọ bọ́ọ̀sì, mo ṣì ń —

"Mọ́mì, ṣé kí n bù sí i fún yín?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Mo sá lọ sí tọ́yìlẹ́ẹ̀tì. Mò ń wo obìnrin inú dígí. Pharmacist ni obìnrin yìí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Rochdale kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló ń gbé oògùn àwọn tó ń gbàgbé nǹkan lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ pé kí wọ́n fún ìyá wọn, tó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé kò ní wò ó sàn, pé á kàn jẹ́ kó máa rọra lọ ni. Donepezil. Wò ó, èyí ò sọnù. Orúkọ gbogbo nǹkan lè lọ, èyí á jókòó síbi tó wà, á máa wò mí.

Sísọ́ọ̀sì! Sísọ́ọ̀sì ni! Ó wá dé nísinsìnyí, níbi tí mo ti ń fọ ọwọ́, nígbà tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo jáde… Akíndèjì wà nídìí káńtà, ó kẹ́yìn sí mi. Ó ń ra èyí tó máa gbé lọ fún Bọ́lánlé. Kò sí ìwé oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò na ìka sí nǹkan kan. Ó ń pè wọ́n. Bulgogi, ó ní. Japchae. Kimchi jjigae, not too hot, it's for my wife. Wọ́n ń jáde lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí orúkọ àwọn àbúrò bàbá rẹ̀. Mo dúró. Mo fọwọ́ ti ògiri. Èmi gan-an ò lè pe ìkankan nínú wọn… ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní tábìlì yẹn lẹ́ẹ̀kan?

A bọ́ sínú mọ́tò. Rusholme la tún ń lọ, sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Wilmslow Road tó jẹ́ pé nǹkan dídùn nìkan ni wọ́n ń tà. Ó ní wọ́n ti ń ṣe ti àwọn ará Kòríà níbẹ̀ náà. Òjò ń fọ́n sára fèrèsé. Kí ló máa ń mú kí èèyàn fi ohun tó mọ̀ pamọ́? Ohun tí èèyàn ò mọ̀ ló máa ń fi pamọ́. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Kí ni tirẹ̀? Àbí àwàdà ni? Akíndèjì kì í ṣe aláwàdà. Bàbá rẹ̀ ni aláwàdà…

Àwọn ọmọ yunifásítì kún inú ṣọ́ọ̀bù náà, ariwo wọn bí ti ẹyẹ ẹ̀gà. Akíndèjì rí àyè fún wa lẹ́bàá fèrèsé. Ó tẹ́ ìwé aláwòrán náà síwájú mi. "Orúkọ wọn le o, Mọ́mì. Èmi ò mọ̀ wọ́n. Ẹ ṣáà na ìka."

Irọ́. Ọmọ mi ń purọ́ fún mi lójúkorojú, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, kò sí ẹ̀tàn kankan nínú rẹ̀…

Dúró ná. Ìgbà wo la bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ Kòríà yìí? Ọ̀dọ̀ Rasheed la máa ń lọ tẹ́lẹ̀, Rasheed tó ń ta oúnjẹ ilé wa. Mo dúró ní káńtà rẹ̀ ní Sátidé kan, èrò wà lẹ́yìn mi. "Mama, ọbẹ̀ ti délẹ̀. Kí la máa fún yín fi jẹ ẹ́?" Mo la ẹnu. Mo ń rí i níwájú mi, wọ́n wé e sínú ọ̀rá, ó ń yọ ooru. Mo ní, "Èyí… èyí yẹn." "Èwo, Mama?" "Èyí tó… funfun." Rasheed rẹ́rìn-ín, kò ní ibi lọ́kàn: "Hà, Mama ti di òyìnbó pátápátá!" Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Akíndèjì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀bà ni, Bọ̀ọ̀dá Rasheed," ó ní. "Ẹ̀bà ni Mọ́mì fẹ́."

A ò padà síbẹ̀ mọ́. Sátidé tó tẹ̀ lé e ló gbé mi lọ síbi tí ihò wà láàrin tábìlì.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń na ìka. Ibi tí kò sẹ́ni tó retí pé kí ìyá àgbà kan láti Abẹ́òkúta mọ orúkọ nǹkan. Ó wá a ni. Ọmọ mi jókòó níbì kan, ó ronú, ó wá ibi tí ojú ò ti ní tì mí. Ó sì fi ohun tóun mọ̀ pamọ́, kí àìmọ̀ mi má baà dá nìkan wà níbẹ̀… Ti sísọ́ọ̀sì yẹn náà. Ó mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ́dọ̀ Rasheed ló ti mọ̀. Èmi ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, òun ti wà nínú ilé tipẹ́.

Wọ́n gbé e dé. Yìnyín tí wọ́n rẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi gààrí, wàrà lórí yìnyín, ẹ̀wà lórí wàrà. Ẹ̀wà! Lórí yìnyín! Mò ń wò ó, mò ń wo Akíndèjì. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Mi ò rí i tẹ́lẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ tó báyìí.

"Kí ni wọ́n ń pe èyí?" mo bi í.

Ó gbójú sókè. Kò sọ mọ́ pé òun ò mọ̀ ọ́n. "Bingsu."

"Bín-sù."

"Ẹ pè é dáadáa."

Mo wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ó gùn, ó ń dán, orí rẹ̀ jinkòtò. Mo fi í fún ọmọ yìí ní oògùn nígbà tí ara rẹ̀ ń gbóná. Àìmọye ìgò ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sí fún àwọn ará Rochdale, kan láàárọ̀, kan lálẹ́… Mo lè ní "ó dáa bẹ́ẹ̀" kí n sì máa jẹun lọ. Ẹnu mi ti fẹ́ sọ ọ́.

Mo gbé e sókè.

"Èyí ńkọ́? Kí ni wọ́n ń pe èyí?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn wa ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan nínú fóònù. Má wo ilẹ̀, Akíndèjì. Jọ̀ọ́, má wo ilẹ̀.

Kò wo ilẹ̀. Ohùn tó fi pe orúkọ yìnyín náà ló fi pè é.

"Ṣíbí ni, Mọ́mì."

"Ṣíbí."

"Ẹ pè é…" Kò lè parí rẹ̀. Omi ti kún ojú rẹ̀.

Ohun tí Bọ́lánlé ní kó sọ ṣì wà nínú rẹ̀. Ó ṣì máa sọ ọ́, bóyá nínú mọ́tò, bóyá ní Sátidé mìíràn. Kó sọ ọ́. Màá gbọ́ ọ. Mo fi ṣíbí bu ẹ̀wà àti yìnyín pọ̀, mo nà án kọjá tábìlì sí ọmọ mi, ọkùnrin tó ti ń hu ewú, lójú gbogbo àwọn ọmọ yunifásítì wọ̀nyí.

Ó ya ẹnu.