Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Kó Ṣáájú Ọwọ́

Bí mo bá jókòó sídìí ṣẹ́ẹ̀sì, ọwọ́ mi kì í kúrò lábẹ́ tábìlì títí dìgbà tí mo bá mọ ohun tí mo fẹ́ gbé. Ẹ̀rù ni. Àwọn ẹlòmíràn máa ń fọwọ́ lẹ́rán bí ẹni tó ń ronú. Èmi á ki tèmi sáàárín orúnkún bí ẹni tí òtútù ń mú.

Gosse lorúkọ mi. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe wàràkàṣì ni mo wà, èmi ni mò ń fọ àwọn agbada ńlá. Mi ò kàwé púpọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń bá ikọ̀ abúlé wa ta ṣẹ́ẹ̀sì, ní Friesland níbí. Àwa mẹ́jọ ni. Bóòdù kẹjọ ni tèmi, ìjókòó tó gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá gba ìjókòó yẹn lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ibi tí màá máa gbà lọ́jọ́ Sátidé. Kò síbòmíì tí ẹnikẹ́ni ti ń retí mi.

Wobbe, ọ̀gá ikọ̀ wa, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń gbé kẹ̀kẹ́ sí kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

"Gosse, ọmọ ayò dúdú ni tìẹ lónìí."

"Mo rí i."

"Bí o bá tún lọ ká jọ síbẹ̀, tó o wá ń tọrọ ọ̀mì bí ẹni ń tọrọ omi, màá fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ o."

"Mo gbọ́."

"O gbọ́, o gbọ́. Etí rẹ ò lárùn. Ọwọ́ rẹ ni mò ń bá wí."

Durk, tó máa ń jókòó sí bóòdù keje lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ń ti kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Wobbe, rọra o. Òòrẹ̀ lò ń fọwọ́ pa lórí yẹn."

Òòrẹ̀ ni wọ́n ń pè mí. Ọ̀nà kan wà tí ẹni tó mú dúdú fi ń to ọmọ ogun rẹ̀: àwọn ẹlẹ́sẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ ogun kéékèèké iwájú, ò ní lọ jìnnà rárá, gbogbo ìyókù á sì há mọ́ ẹ̀yìn wọn, á wá ká jọ rogodo bí òòrẹ̀ kékeré tó ń sùn lábẹ́ ewé nínú ọgbà wa. Funfun á gba gbogbo oko. Dúdú á máa fi ìmú mí díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ yẹn lara máa ń tù mí. Àmọ́ Wobbe ti sọ fún mi títí ẹnu fi bó o pé òòrẹ̀ ò ká jọ torí kó lè sùn, ẹ̀gún ló ń gbé dìde. Ó ní ilé tó há ò burú, bó bá ti ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹlẹ́sẹ̀ àárín ni ilẹ̀kùn yẹn. Tì í síwájú lẹ́ẹ̀kan péré lọ́jọ́ tó tọ́, gbogbo àwọn tó há sẹ́yìn á rọ́ jáde.

Mo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n.

Ìyá àgbà kan ló jókòó síwájú mi, Ìyáàfin Baukje, láti ìlú tó wà lódì kejì adágún. Irun rẹ̀ funfun báláú. Ó bu kọfí látinú fíláàsì, ó ṣẹ́ bisikíìtì rẹ̀ sí méjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Ẹlẹ́sẹ̀ kan, òmíràn, títí kan àwọn tó yẹ kó máa ṣọ́ ilé ọba rẹ̀. Èmi ká jọ. Mo gbé odi mi, ọmọ ayò tó rí bí ilé ìṣọ́, sọ́tùn-ún, mo gbé e padà sósì. Ó tún tẹ̀ síwájú. Nígbà tó yá, ó ti wá síwájú débi pé kò sẹ́ni tó kù sílé mọ́.

Mo rí i. Ní tòótọ́, mo rí i. Ọjọ́ tó tọ́ nìyẹn.

Wobbe gba ẹ̀yìn mi kọjá. Bàtà rẹ̀ ń dún fín-ín lórí pátákó. Ó dúró díẹ̀, ó lọ.

Ni ọwọ́ mi bá jáde lábẹ́ tábìlì. Ó di ẹlẹ́sẹ̀ àárín mú. Ó gbé e kúrò nílẹ̀. Àfi bí ẹ̀rù ṣe já lù mí: bí ìyá náà bá pa á ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ojú mi ló ń tàn mí ńkọ́? Mo dá a padà síbi tó wà, mo sì sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Jadúbù."

Ọ̀rọ̀ Faransé ni. Gbogbo atayò ṣẹ́ẹ̀sì ló ń sọ ọ́. Ó túmọ̀ sí pé mi ò gbé e o, mo kàn fẹ́ tún un tò kó jókòó dáadáa ni. Bí o ò bá sọ ọ́, èyí tó o bá fọwọ́ dì mú, dandan ni kó o gbé e lọ. Ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyáàfin Baukje gbé kọfí rẹ̀ kalẹ̀. Kò pariwo.

"Ọ̀gbẹ́ni, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ṣáájú ọwọ́ ni."

"Ó wọ́ díẹ̀ ni, mà. Mo ní kí n tún un…"

"Kò wọ́. Ẹ gbé e sókè. Àbí kí n pe rẹfirí?"

Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Durk ti fi ìka di etí rẹ̀ méjèèjì, ó ń wo bóòdù tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́.

"Ẹ má pè é, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ gbé e lọ nígbà náà."

Mo tì í síwájú. Kì í ṣe ìwà akin. Bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ṣe ń ju ẹran padà sínú ọbẹ̀ ni mo ṣe tì í.

Ó pa á, mo pa tiẹ̀, ó tún pa. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù mi tó ti ń sùn ní igun láti àárọ̀ rí ọ̀nà gbọọrọ, tààrà dé ilé ọba rẹ̀. Odi mi náà rí ọ̀nà. Kò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ìyá náà ni kò ríbi yí sí mọ́. Ìgbà tó yá, ó dá ọba rẹ̀ dùbúlẹ̀ láti fi hàn pé mo ti borí, ó na ọwọ́ sí mi. Mo gbà á. Ó wo ojú mi. Èmi ò lè wo tiẹ̀.

Wobbe rí bóòdù náà, ó gbá mi lẹ́yìn gbàmù. "Òòrẹ̀ ti yọ ẹ̀gún! Ẹ wá wò ó! Gosse, tìẹ ni ìjókòó yẹn títí eyín rẹ á fi ká!"

Wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó yẹ kí inú mi dùn. Bí ìgbà tí mo wọ aṣọ olóògbé ló rí lára mi.

Àṣà wa ni pé bí ayò bá parí, àwọn méjèèjì tó ta á á jókòó pọ̀, wọ́n á tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa wo ibi tó ti dáa àti ibi tó ti bàjẹ́. A lọ sí ìdí tábìlì ọtí. Wọ́n gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà tó ki wá, pẹ̀lú sọ́séèjì nínú rẹ̀. Wobbe fúnra rẹ̀ ló to bóòdù, ó dúró síbi tí mo ti ti ẹlẹ́sẹ̀ àárín.

"Ibí yìí. Kí lo rò kó o tó tì í?"

Ìyáàfin Baukje ń ro ọbẹ̀ rẹ̀. Kò gbójú sókè. Mo wá mọ̀ pé kò ní sọ ọ́. Èmi ló fi í sílẹ̀ fún. Ká ní ó sọ ọ́ ni, ì bá sàn.

"Mo…"

"Sọ ọ́ jàre, ká kọ́gbọ́n."

"Ẹ jẹ́ kó mí," Durk sọ. "Òkìkí ti há a lọ́fun."

"Mo gbé e, mo dá a padà," ni mo sọ. "Ẹ̀yìn ìgbà tí mo dá a padà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní jadúbù. Ìyáàfin ló ní dandan ni kí n gbé e lọ."

Durk gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ wa, jadúbù tó bá kẹ́yìn ọwọ́ kò jìnnà sí olè.

Wobbe yíjú sí ìyá náà. "Òótọ́ ni, mà?"

"Ó ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀."

"Kí lo wá fẹ́ gbé tẹ́lẹ̀?" Wobbe bi mí.

Mo nawọ́ sí ọba mi. Igun ni mo fẹ́ gbé e sí. Wobbe gbé e síbẹ̀. Ìyáàfin Baukje fi ọwọ́ òsì ti ẹlẹ́sẹ̀ kan síwájú. Wobbe gbé òmíràn, ìyá tún tì. Kò pẹ́ tí dúdú ò fi rí ibi mí mọ́.

"Bí ẹ ò bá ṣe kú nìyẹn," ìyá náà sọ fún mi. "Jẹ́ẹ́jẹ́."

Mo dìde, mo mú kóòtù mi.

"Níbo lò ń lọ?" Wobbe bi mí.

"Ìjókòó yẹn. Mo mọ̀ pé…"

"A máa lọ bá ikọ̀ ìyá yìí nílé wọn ní ìparí oṣù. Bóòdù kẹjọ, dúdú. Ọwọ́ rẹ ló máa ta á. Ọwọ́ rẹ láyà, mú un wá. Ẹnu yẹn ni kó o fi sílé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, díẹ̀. Èmi ò rín.

Ìyáàfin Baukje ti abọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó to àwọn ọmọ ogun padà síbi tí wọ́n wà kí n tó hùwà yẹn.

"Jókòó," ó sọ. Kò ní "ẹ" mọ́. "Tún un gbé. Má sọ nǹkan kan."

Mo jókòó. Ọwọ́ mi tún ti wà láàárín orúnkún. Gbogbo wọn ń wò mí. Ẹ ò ní gbà gbọ́: ọba yẹn náà ni ojú mi kọ́kọ́ lọ bá. Igun yẹn rí bí ibi tó móoru. Mo yọ ọwọ́ mi jáde. Mo ti ẹlẹ́sẹ̀ àárín síwájú, mo sì fi í sílẹ̀.

"Ẹn-ẹ́n," ìyá náà sọ, ó sì pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láìṣàánú. "Ó yá. Ó kàn ọ́."