Oorun Bushiya

Ilé tí ọmọ ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ọmọ náà wá dákẹ́, ilé ọ̀hún kì í ṣe ilé mọ́. Adéyanjú ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta mílíìkì, ṣúgà àti sàdíìnì ní ọjà Singer ní Kano, lè jẹ́rìí sí i. Evelyn aya rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀, tìyá tọmọ, nínú òjò ọdún tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá wo ìran ẹṣin ní Kaduna. Láti ìgbà náà ni Rónkẹ́, ọmọ ọdún méje kan ṣoṣo tó kù fún un, kò ti pè é ní Bàbá mọ́. Bí ó bá bi í bóyá ó ti yó, á mi orí. Láàárọ̀, á kúnlẹ̀ kí i, kò ní la ẹnu. Tẹ́lẹ̀ rí, bí Rónkẹ́ bá ń fi Hausa dápàárá pẹ̀lú àwọn ọmọ àdúgbò, Adéyanjú á pariwo láti pálọ̀ pé, “Yorùbá là ń sọ nílé yìí o!” Ní báyìí, ì bá gba Hausa, ì bá gba Lárúbáwá pàápàá, bí ọmọ náà bá ṣáà lè sọ̀rọ̀.

Ká má purọ́, àwọn àgbà ló fà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú Evelyn dé láti ọsibítù, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì ní pálọ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Rónkẹ́ gba àárín ẹsẹ̀ àwọn àgbà wọlé, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ní ó tutù. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ fà á sẹ́yìn, ó ní, “Màmá ń sùn ni. Má jí wọn.” Wọ́n wá mú un lọ sọ́dọ̀ Ìyá Bushrat, alábàágbélé wọn tó ń se oúnjẹ tà fún àwọn òṣìṣẹ́ ní Railway Quarters, ibẹ̀ ló wà títí wọ́n fi sin òkú tán. Nígbà tó padà dé, bẹ́ẹ̀dì ti ṣófo. Adéyanjú fúnra rẹ̀ ló sọ fún un pé Màmá ti jí, wọ́n ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílé, wọ́n lọ sinmi ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Bí àwọn baba wa ti ń ṣe é nìyẹn: a kì í fi òkú han ọmọdé, a kì í sì í là á mọ́ ọn lójú pé ìyá rẹ̀ kú. Ó rọrùn fún ẹni tó ń sọ ọ́. Ẹni tí a sọ ọ́ fún ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Bí ọkọ̀ ojú irin láti ìsàlẹ̀, níhà ilẹ̀ Yorùbá, bá ti fọn fèrè, Rónkẹ́ á dìde níbi yòówù kó wà, á lọ dúró lẹ́nu géètì. Kì í sunkún. Á dúró títí àwọn èrò tó ru àpótí ń ti ibùdókọ̀ bọ̀ á fi kọjá tán, á wá padà wọlé. Adéyanjú á máa wò ó láti ojú fèrèsé, inú rẹ̀ á bàjẹ́, ojú á sì tì í.

Ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni bushiya dé. Hausa ló ń pè é bẹ́ẹ̀, orúkọ tí gbogbo wa ní Kano sì mọ̀ ọ́n sí nìyẹn. Ẹranko kékeré ni, kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Ó ní ẹ̀gún lẹ́yìn bí òòrẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gún tirẹ̀ kúrú, imú rẹ̀ rí ṣóńṣó. Bí ẹ̀rù bá bà á, á ká ara rẹ̀ jọ rógódó, o kò ní mọ orí yàtọ̀ sí ìdí. Ó já sínú gọ́tà ẹ̀yìn ilé, kò rí ọ̀nà jáde, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń sọ ọ́ lókò. Rónkẹ́ kó sínú gọ́tà pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn, ó fi yẹ̀rì rẹ̀ ká ẹranko náà, ó sáré wọlé tòun tẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. “Bàbá!” ó ké. “Bàbá, wọ́n fẹ́ pa á!”

Adéyanjú kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ẹranko. Nílé bàbá rẹ̀, ẹran tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, ìkòkò ló ń lọ tààrà. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti pè é ní Bàbá. Bí ó bá jẹ́ kìnnìún ló gbé wọlé lọ́jọ́ náà, Adéyanjú ì bá wá ẹní tẹ́ fún un.

Kíá ló lọ ṣí agolo mílíìkì kan, ó da omi lù ú, ó gbé e síwájú àlejò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bushiya ti fi ìgbẹ́ gbuuru ba gbogbo ẹ̀yìn ilé ìdáná jẹ́. Ìyá Bushrat rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

“Bàbá Rónkẹ́, ẹ̀yin náà kẹ̀! Ẹran igbó lẹ fẹ́ fi mílíìkì tọ́? Ruwa ni kẹ́ ẹ gbé fún un, omi lásán. Kòkòrò ló ń jẹ. Ẹ fi í sílẹ̀ kó máa lọ kó máa bọ̀, kó máa ṣe tiẹ̀.”

Wọ́n fi í sílẹ̀, kó máa ṣe tirẹ̀. Wọn kò dè é, wọn kò sé e mọ́lé. Wọ́n bu omi sínú agolo sàdíìnì fún un lábẹ́ dóńgóyárò. Adéyanjú wá òkúta, ó tò ó sínú gọ́tà bí àtẹ̀gùn, kí bushiya lè máa gùn ún jáde bí ó bá tún já sí i. Ó kó gbogbo tàkúté eku ilé kúrò nílẹ̀. Bí ó bá fẹ́ fa igi ìdáná yọ níbi tí bushiya ń sùn lọ́sàn-án, á kọ́kọ́ kan igi náà kọ́ọ́kọ́ọ́, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn àna. Ọkùnrin kan wá láti ọ̀nà Airport Road, ó ní òun fẹ́ ra bushiya náà, pé awọ rẹ̀ dára fún oògùn. Adéyanjú, tó lè ta òjìji ara rẹ̀ bí owó bá pé, lé ọkùnrin náà dé ìta.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá àtọmọ á jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ilé ìdáná, wọ́n á máa gbọ́ bí ẹranko náà ṣe ń fín imú káàkiri nínú ewé. Rónkẹ́ á máa ròyìn, Yorùbá díẹ̀, Hausa púpọ̀: bushiya ti mú àkekèé, ó ti gé ìdí àkekèé sọnù, ó ń bọ̀ wá mu omi. Adéyanjú kò bá a jà lórí Hausa mọ́. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà ní, “Bàbá, bí Màmá bá dé, èmi ni màá kọ́kọ́ fi í hàn wọ́n.” Adéyanjú ní ó dára. Ó dìde, ó díbọ́n pé òun fẹ́ lọ tan fìtílà.

Ọyẹ́ wá dé. Ọyẹ́ Kano kì í ṣe ọyẹ́ tí à ń fi èékánná kọ orúkọ sí ara ṣeré. Ó ń la ètè, ó ń mú kí omi inú ìkòkò máa ta ni lọ́wọ́. Bushiya kò jáde déédéé mọ́. Rónkẹ́ kó ewé dóńgóyárò gbígbẹ jọ sábẹ́ igi ìdáná fún un, ó sì tẹ́ gèlè ìyá rẹ̀ kan tó ti gbó sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó tó lọ sílé ìwé, ó wá fa bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Bushiya wà láàárín gèlè, ó ká jọ rógódó.

“Tana barci,” Rónkẹ́ wí. Ó rántí, ó tún un sọ ní Yorùbá: “Ó ń sùn, Bàbá. Ẹ má jí i.”

Adéyanjú fọwọ́ kàn án. Ó tutù bí òkúta. Ó mì í díẹ̀, kò mira. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ sún mọ́ imú rẹ̀, kò gbọ́ èémí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ irú òtútù bẹ́ẹ̀; òun náà ti di ọwọ́ Evelyn mú. Ọ̀rọ̀ tí ìyá ìjọ sọ nípa òkú ni ọmọ yìí sì ń sọ yìí, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Àánú ọmọ náà ṣe é dé egungun. A ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀; ẹnu lásán ni, nítorí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀ tán, àgbà nìkan là ń gbọ́. Adéyanjú kò bi ọmọ náà léèrè bó ṣe mọ̀. Ó ní, “Òótọ́ ni, ó ń sùn. Máa lọ sílé ìwé.”

Ìfẹ́ ló fi ṣe ohun tó ṣe, ẹni tó bá ní kì í ṣe ìfẹ́ kò mọ Adéyanjú. Kò lọ sí Singer láàárọ̀ náà. Ó gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ dóńgóyárò, ó fi gèlè náà wé bushiya dáadáa, ó tẹ́ ẹ sínú kòtò, ó bò ó, ó fẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀. Kí ajá má baà hú u, ó gbé búlọ́ọ̀kù kan lé e. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí búlọ́ọ̀kù náà, ó sì sunkún. Nígbà tí Evelyn kú, àlejò kò jẹ́ kó ráyè sunkún.

Nígbà tí Rónkẹ́ dé, ó lọ tààrà sídìí igi ìdáná.

“Ó ti lọ sí igbó,” ni bàbá rẹ̀ wí. “Ó lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀.”

Ọmọ náà wò ó. “Ṣé ó mú gèlè Màmá lọ ni?”

“Òtútù ló ń mú un.”

Rónkẹ́ fi ìdí igi ìdáná sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà ilé ìwé rẹ̀, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó wá lọ dúró lẹ́nu géètì, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kankan kò tíì fọn fèrè. Láti ọjọ́ náà, ó tún di mi-orí, ó di kúnlẹ̀-má-sọ̀rọ̀. Adéyanjú ní yóò gbàgbé. Ẹyin lohùn, tó bá ti balẹ̀, ta ni yóò kó o?

Ọjọ́ ìsinmi kan, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Ìyá Bushrat gbé àwo máásà wá fún wọn. Ó bèèrè ohun tó tún pa Rónkẹ́ lẹ́nu mọ́. Ọmọ náà wà lẹ́nu géètì, Adéyanjú wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀: bí ẹranko náà ṣe tutù, bí òun ṣe sin ín kí ọmọ má baà rí òkú rẹ̀.

Ìyá Bushrat gbé àwo sílẹ̀. “Ṣé ó ká jọ?”

“Ó ká jọ.”

“Yéè! Bàbá Rónkẹ́! Èyí tó bá kú, á nà gbalaja ni. Tí hunturu, ọyẹ́ yìí, bá mú bushiya, sísùn ló máa ń sùn, kò ní mira, á tutù bí yìnyín. Oòrùn ló máa ń jí i. Kano yìí ni wọ́n bí mi sí, ọmọ ọwọ́ ibí yìí mọ̀ ọ́n! Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?”

Tòun ti agbádá funfun tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni Adéyanjú gbé ọkọ́. Ó yí búlọ́ọ̀kù dànù. Kò gbẹ́ jìnnà. Bushiya kò sí ní ìsàlẹ̀ kòtò níbi tó tẹ́ ẹ sí. Ó ti wà lókè, abẹ́ búlọ́ọ̀kù gan-an, ó nà gbalaja, imú rẹ̀ kọjú sókè. Gèlè ti ya mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Erùpẹ̀ kún gbogbo èékánná rẹ̀.

Wọn kò mọ ìgbà tí Rónkẹ́ dé ẹ̀yìn wọn. Ó lóṣòó, ó wo èékánná náà pẹ́.

“Ó jí,” ó wí. “Ó jí, kò rí ọ̀nà.”

“Mo rò pé ó ti kú ni, Rónkẹ́. Ó tutù. Mo rò pé—”

“Màmá náà tutù.” Ó gbójú sókè. “Mo fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n ní wọ́n ń sùn. Níbo lẹ sin wọ́n sí?”

Ìyá Bushrat fi ìborùn bo ojú. Adéyanjú kúnlẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kò tíì sọ nínú ilé náà láti ìgbà òjò. “Màmá kú, ọmọ mi. Wọn kò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n kú, a sì sin wọ́n.”

Rónkẹ́ gbé ọkọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ nílẹ̀, ó nà án sí i. “Bàbá, ẹ jẹ́ ká tètè lọ.”

Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í ti ògiri, ó gbé ọmọ náà sẹ́yìn bí ìgbà tó wà lọ́mọdún mẹ́ta, ó sì gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Lójú ọ̀nà, ó ń sọ fún un pé dókítà yẹ Màmá wò, pé nọ́ọ̀sì yẹ wọ́n wò, pé òun fúnra òun fọwọ́ kàn wọ́n. Ọwọ́ kan náà ló fi kan bushiya.

Koríko orí sàréè ti gbẹ. Rónkẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó fi etí lélẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin láti ìsàlẹ̀ fọn fèrè nígbà náà, ó fọn ọ́n pẹ́. Ọmọ náà kò gbórí sókè. Adéyanjú, díákónì ìjọ, bàbá oníṣòwò, dùbúlẹ̀ sínú eruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tòun tagbádá, òun náà fi etí lélẹ̀. Ẹkún sì gbé e.

“Ẹ dákẹ́, Bàbá,” Rónkẹ́ wí. “Ẹ jẹ́ kí n gbọ́.”